Níbo ni ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù agogo mẹ́ta ọjọ́ Sátidé?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, mo ní kí n gbé e wá síbí. Peckham ní London ni mò ń gbé. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà mi, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá pọ̀, wákàtí kan àti díẹ̀ ni n ó fi dé pápá Arsenal. Oṣooṣù ni mò ń san owó Sky Sports. Síbẹ̀, Sátidé tó kọjá, Arsenal gbá bọ́ọ̀lù ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, n kò rí i wò. Mo tan tẹlifíṣàn, àwọn ọkùnrin kan tò sídìí tábìlì, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù tí èmi kò rí, wọ́n wá ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń pàlọ́ fọ́mọdé. "Haa! Ó kù díẹ̀!" Kí ló kù díẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rí i!

Àbúrò mi sì wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòran bọ́ọ̀lù. Owó táṣẹ́rẹ́ ló san, ó ń wò ó kedere. Ó ń fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rí nǹkan tí Saka fi bọ́ọ̀lù yẹn ṣe?" Saka tí wọ́n bí ní Ealing níbí, ẹni tó wà n'Íbàdàn ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi.

Mo wá líǹkì kiri lórí Google. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀, ojú ewé mẹ́ta mìíràn ló ṣí. Ọ̀kan ní mo ti jẹ iPhone. Ọ̀kan ní fóònù mi ti kó àrùn. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n má sọ ohun tó wà níbẹ̀, ìyàwó mi jókòó tì mí. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ̀yin ń wò ó?

Gunner Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ nílé. Àyè ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ìyá Táyé, Manchester

Àbúrò mi, tẹlifíṣàn rẹ kò bàjẹ́, owó rẹ kò sì tán. Òfin àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù níbí ni. Láti agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Sátidé, kò sí tẹlifíṣàn tó gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ ní ilẹ̀ yìí. Kò sí oye tó o lè san tí yóò ṣí i.

Ó ti pẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969 ni. Alága ẹgbẹ́ Burnley nígbà náà, Bob Lord, ló dúró lé e lórí pé bí gbogbo ayé bá jókòó sílé máa wo àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wo ẹgbẹ́ kékeré? Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, mo máa ń bínú sí òfin yìí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo Stockport County. Bàbá tó ń ta tíì àti páì níbẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Bí òfin yẹn bá kúrò, mi ò mọ̀ bóyá ọkọ mi á tún dìde kúrò lórí àga ní ọ̀sán Sátidé.

Ṣírò rẹ̀ nìyí. Ìdíje 380 ló wà nínú Premier League lọ́dún kan. Láti sáà 2025/26, Sky ń gbé ó kéré tán 215, TNT Sports ń gbé 52, pàápàá ti agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán Sátidé. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 267. Àwọn tó kù, bíi 113, o kò lè rí wọn wò bí wọ́n ṣe ń lọ ní ilẹ̀ yìí àyàfi tó o bá wọ pápá. Ohun tí wọ́n máa fún ọ ni àgékúrú, Match of the Day ní BBC lálẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ní líǹkì agogo mẹ́ta fún ọ ní England, bó o ti gbọ́ ọ báyìí ni kó o mọ̀ pé olè ni.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun mà. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ Sky jà lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé e á ní "ẹ máa bínú sà", kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Tàbí ó sọ ọ́, tí mi ò gbọ́, torí mò ń pariwo.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà

Ìyá Táyé ti sọ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ka sí i, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ẹnì kan ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi.

Gbogbo wa la máa ń bi Google pé "níbo ni líǹkì wà?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń sìn wá lọ sílé olè. Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé: ní orílẹ̀-èdè tí ẹsẹ̀ mi wà yìí, ta ló ra ìdíje náà? Bí ẹbí ṣe ń gé ilẹ̀ tà ni wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì tirẹ̀ ní Ìkòròdú kò lè wá mọ odi sí ti ẹlòmíràn ní Ṣágámù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìdílé kan náà ló ta á fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó ra ti England kò ra ti Nàìjíríà. Èyí ló fi jẹ́ pé ìdíje agogo mẹ́ta tí wọ́n tì mọ́ Bọ̀ọ̀dá wa ní Peckham ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwa tí a wà nílé. Lọ́dọ̀ wa, SuperSport ló ní i, orí DStv lẹ máa rí i, GOtv náà ń gbé díẹ̀. Bí ẹ bá ti sanwó DStv, ẹ wọ áàpù DStv Stream pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, orí fóònù ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú páńkéèjì yín kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe gbogbo páńkéèjì ló ní gbogbo ìdíje. Ọ̀pọ̀ ń sáré sanwó ní agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n wá ń rí fíìmù.

Ibi tí mo máa ń wò kí n tó sọ̀rọ̀ ni LiveSoccerTV. Ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín, ẹ wá orílẹ̀-èdè yín nínú àkọsílẹ̀ tó bá jáde, ẹ máa rí orúkọ tẹlifíṣàn tàbí áàpù tó ní i. Kì í gbé bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sórí áàpù ẹni yẹn tààrà. Ẹ má gba Google kọjá mọ́.

Ọmọ Kétu

Ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì yẹn mú mi rántí oṣù Kínní ọdún 2024. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pariwo pé SuperSport ò ní gbé AFCON, ife Áfíríkà. Àwa tí a wà ní Benin ń rẹ́rìn-ín, torí a mọ ẹni tó rà á: New World TV, ọmọ Lomé, ní Togo tó múlé tì wá. Àwọn ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ta á fún ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìgbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù náà ni SuperSport ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn náà á gbé e. Ìbátan mi kan ní Ìmẹ̀kọ ti ra dẹ́kódà tuntun kí wọ́n tó kéde. Ó ṣì wà nínú páálí.

Ní ti Premier League, Canal+ ni tiwa. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń ròyìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, àwọn Faransé kì í sọ̀rọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ má bi mí bí AFCON yẹn ṣe parí. Troost-Ekong ti fi orí kàn án wọlé fún Nàìjíríà, a ti ń jó.

Ará Houston

Tiwa ní Amẹ́ríkà rọrùn, ó kàn ń jẹ owó ni. NBC ló ní Premier League látọdún 2013, wọ́n sì pín in sí NBC fúnra rẹ̀, USA Network àti Peacock. Gbogbo 380 la lè rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kan ni wọ́n wà, ẹ gbọ́dọ̀ wo èyí tó wà níbi wo lọ́sẹ̀ yẹn. Champions League tún wà lọ́tọ̀, Paramount+ ni. Èmi nìkan, oríṣi méjì ni mò ń san.

Agogo mẹ́ta yín ní London, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ní Houston. Ògì àti àkàrà ni mo fi ń wo Arsenal. Kò sí ìgbádùn tó tó o.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀gbọ́n Houston, ṣé bí mo bá rí VPN kan, èyí tó ń mú kó dà bíi pé Amẹ́ríkà ni mo wà, tí ẹ wá ṣe mí lóore...

Ará Houston

Má parí ọ̀rọ̀ yẹn. Pásíwọọ̀dù mi kì í ṣe obì.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà

Ha ha. Ní ti VPN: àwọn ilé iṣẹ́ yìí mọ àdírẹ́sì ọ̀pọ̀ VPN, wọ́n ń tì wọ́n. Wọ́n tún sábà máa ń béèrè káàdì báńkì orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Ó sì lòdì sí àdéhùn tí a tẹ "mo gbà" fún láìkà á, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, kí owó sì gbé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni níbí.

Bísí Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti YouTube. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ LIVE pupa sí, orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, iye góòlù lókè, àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ń wò. Mo wọlé. Mo ń wò ó, mo tiẹ̀ ń bínú sí aṣọ́lé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí n tó ṣàkíyèsí pé kò sí agbábọ́ọ̀lù kan tó ń làágùn. Géèmù ni! Ẹnì kan jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ń fi páàdì gbá a. Ọmọ mi ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó kọjá lẹ́yìn mi ló sọ pé "Mọ́mì, FIFA lẹ̀ ń wò yẹn."

Irú kejì ni wọ́n ń gbé fọ́tò kan sójú, ohùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí o tẹ líǹkì ìsàlẹ̀ kó o tó rí bọ́ọ̀lù gan-an. Má tẹ̀ ẹ́.

Baba Kẹ́mi

Èmi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ìparí Europa League, Atalanta àti Leverkusen ní Dublin. Iná ti lọ ládùúgbò wa, mo ní fóònù. Ojú ewé yẹn ní ọ̀fẹ́ ni, káàdì ATM nìkan ni kí n fi hàn pé mo ti dàgbà. Mo fi sí i. Lookman, ọmọ wa tó ń gbá fún Atalanta nígbà náà, gbá ti àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlá, ìkejì ní ìṣẹ́jú kẹrìndínlọ́gbọ̀n, mo ń fò sókè nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ìsinmi, àwòrán dì, ó ń yí róbótó. Ó yí títí. Igbe àwọn tó wà lódìkejì òpópónà ni mo fi mọ̀ pé ọmọ yẹn ti fi ìkẹta kún un.

Ní ọjọ́ kẹta, báńkì tẹ̀ mí láago pé ẹnì kan ní òkè òkun ń fi káàdì mi ra bàtà. Wọ́n ti yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà kí wọ́n tó tì í. Ó dára kí n san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá yẹn fún ẹni tó ra bọ́ọ̀lù náà, n bá rí góòlù kẹta.

Ìyá Táyé, Manchester

Pẹ̀lẹ́ o. Níbí, sítíìkì tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ni wọ́n ń tà, tí wọ́n ti tú inú rẹ̀, wọ́n á ní gbogbo bọ́ọ̀lù ayé ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan nínú ìjọ wa rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ẹni tó tà á fún un kò lọ mọ́. Ọlọ́pàá sì ń mú àwọn tó ń tà á.

Gunner Mọ́kọ́lá

Dátà ńkọ́? Àwa tí a ò ní Wi-Fi, GB mélòó ni ìdíje kan ń jẹ?

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà

Bí àwòrán bá mọ́ gaara, HD, ó lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Bó bá wálẹ̀ sí SD, ó sún mọ́ GB 1. Ìdíje kan pẹ̀lú ìsinmi àti àfikún ìṣẹ́jú ń sún mọ́ wákàtí méjì, ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa yan àwòrán fúnra rẹ̀ o, ibẹ̀ ni dátà ń gbà sá. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó, ẹ mú èyí tó kéré. Lórí fóònù, ojú yín ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ dá àwọn áàpù tó ń gba nǹkan wọlé lábẹ́lẹ̀ dúró, kí ẹ sì ti wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ìṣẹ́jú tí gbogbo ìlú ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni áàpù máa ń ní kí ẹ tún pásíwọọ̀dù kọ.

Ohun kan tó kù: ti íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ ju ti sátẹ́láìtì lọ, nígbà míì ó tó ìdajì ìṣẹ́jú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìwòran bá wà nítòsí yín, góòlù á ti etí yín wọlé kó tó dé ojú yín. Ẹ pa WhatsApp.

Ọmọ Adamásingbà

Gbogbo yín, Arsenal, Arsenal. 3SC, ẹgbẹ́ Ìbàdàn wa, ńkọ́? Níbo la ti ń wo tiwọn?

Gunner Mọ́kọ́lá

Ní Adamásingbà, pápá Lekan Salami. Ẹ dìde. Bí ẹ ò bá sí n'Íbàdàn, ẹ wo ojú ewé ẹgbẹ́ náà lórí Facebook àti X láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Alàgbà Rédíò

Mo ti ń kà yín láti àná. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó dárúkọ rédíò.

Ọdún 1980, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ìparí ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè, àwa àti Algeria. Agbeni n'Íbàdàn ni mo wà. Rédíò kan ṣoṣo ló wà lórí fèrèsé ìyá aláṣọ kan, ogójì ènìyàn la yí i ká. Ernest Okonkwo ló ń ròyìn. Ó ń pe Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní Mathematical, ẹni tí kò lọ ilé ìwé mọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń sọ. Góòlù mẹ́ta sí òdo. Ọdẹ́gbàmí méjì, Múdà Lawal ọ̀kan. Ẹgbẹ́ wa n'Íbàdàn, IICC, ni àwọn méjèèjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà Ìbàdàn ló gba ife yẹn, Nàìjíríà kàn bá wa gbé e ni. Mi ò rí àwòrán kankan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo lè fi ẹsẹ̀ yà á sílẹ̀ fún yín bí góòlù kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé.

Ọmọ Òkè-Àdó, òfin tí ìyá yẹn sọ, àwòrán ló tì, kò ti ohùn. BBC Radio 5 Live máa ń ròyìn ìdíje kan ní agogo mẹ́ta Sátidé. Bó bá ṣe tìrẹ ni wọ́n mú, o ti rí i. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, ojú ewé Arsenal fúnra rẹ̀ máa ń gbé ohùn olùròyìn wọn. Ra rédíò kékeré oníbátìrì, yí i sí 909 tàbí 693 lórí AM. Má lo ti fóònù, ti fóònù náà ń pẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó

Bàbá, ẹ ṣé o. Mo ti rí ọ̀kan rà ní ọjà Rye Lane. Ọmọ India tó tà á fún mi bi mí pé ọdún wo ni mo ti wá.

Bísí Àkúrẹ́

Kí ẹ tó lọ, ẹ má gbàgbé aago. Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, London á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Tiwa ò ní yí. Láti ọjọ́ yẹn títí di ìparí oṣù Kẹta, agogo mẹ́ta wọn ti di agogo mẹ́rin tiwa. Lọ́dọọdún ni ọkọ mi ń tan tẹlifíṣàn ní agogo mẹ́ta, á máa bú NEPA, bẹ́ẹ̀ iná wà.

Ará Houston

Tiwa ò yí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiwọn. Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni tiwa. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín tó máa ń bọ́ sí agogo mẹ́wàá. Àkàrà á ti tutù.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo wá jábọ̀. Lónìí, Arsenal ni 5 Live mú. Mo gbé rédíò sórí fèrèsé bíi ti Agbeni, mo jókòó tì í. Ìyàwó mi ní ṣé mo ti di bàbá arúgbó. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, mo pariwo, mo tẹ fóònù, mo fi fóìsì ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Mọ́kọ́lá: "Góòòòlù!" Ó dá mi lóhùn pé: "Góòlù wo? Kọ́nà la ṣì fẹ́ gbá." Mo ní kó dúró díẹ̀.

Àbúrò Rẹ̀

Èmi ni àbúrò náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ilé ìwòran gbọ́ fóìsì yẹn torí mo gbé e sókè. Wọ́n fẹ́ lé mi jáde. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, láti agogo mẹ́rin títí di mẹ́fà, ẹ pa fóònù yín.